Àwọn Àlejò Ọdẹ́jìnmí Tí Kì Í Kí Èèyàn

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú, mi ò ní í pariwo nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó yáa wú u nísinsìnyí. Ìtàn ọdẹ ni mo gbé dání, ìtàn ọdẹ kì í sì í dúró de ẹni tí ó ń tún gèlè wé.

Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ará Ìdí-Àràbà ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ọdẹ. Ọdẹ́jìnmí pàdé ẹkùn lójú ọ̀nà tóóró, ẹkùn ni ó yà fún un. Ó bá iwin olórí mẹ́ta jìjàkadì nínú Igbó Mádàáwọ̀, iwin náà fi orí kan bẹ̀ ẹ́, ó fi ìkejì sunkún, ó sì ń fi ìkẹta wo ibi tí òun yóò sá gbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ bi iwin náà léèrè, mi ò dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ẹkùn kò lè mú kí ó mí kanlẹ̀ yìí, àlejò méjì péré, tọkọtaya, ni wọ́n mú un mí kanlẹ̀ títí àyà fi ń dùn ún.

Láti ayébáyé ni àwọn ará Ìdí-Àràbà ti ń pa erin jẹ. Òfin kan wà lórí rẹ̀ tí ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ̀. Ọdẹ tí ó bá pa erin, ìrù ni yóò kọ́kọ́ gé, ìrù náà ni yóò sì mú wọ̀lú. Ẹni tí ìrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó pa erin, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Òun náà ni yóò bọ́ gbogbo ìlú kí oòrùn tó wọ̀, láti orí ọba dé orí ọmọ tí kò tíì léyín. Ìrù kì í wọ̀lú kí ìlú má jẹun.

Nígbà tí ó yá, erin bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Èyí tí ó kù kò ju ìyá erin kan tí wọ́n ń pè ní Elétí-Abẹ̀bẹ̀ lọ, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ bíi mélòó kan. Ọdẹ́jìnmí bá dìde láàárín àwọn ọdẹ, ó ní, "Bí a bá pa Elétí-Abẹ̀bẹ̀, a ó jẹ ẹ́ tán, a ó fọwọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà láàyè, àlejò yóò máa ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Àlejò náà yóò jẹun lọ́wọ́ àwọn ìyàwó wa, yóò sùn nílé wa, yóò ra ohun tí ọwọ́ wa ṣe. Ẹ jẹ́ kí erin máa bọ́ wa láì kú. Ẹ gbé ìbọn yín kọ́ sórí igi àràbà ẹnu ibodè."

Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ kùn bí oyin. Olórí wọn, ọmọkùnrin kan tí ó sanra lọ́rùn tí à ń pè ní Ọdẹ́kúnmi, ni ó dáhùn. "Bàbá, a ti gbọ́. A ó gbé e kọ́. Ṣùgbọ́n àlejò tí ẹ ń wí yìí ni a ó fi dán ọ̀rọ̀ yín wò. Bí wọ́n bá wá, tí wọ́n lọ, tí ebi ṣì ń pa ìlú, ìbọn á sọ̀. Bí ìrù erin bá sì fi lè wọ ìlú yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹnìkan ti pa á jẹ lẹ́yìn wa nìyẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìbọn á sọ̀, a ó sì wá Elétí-Abẹ̀bẹ̀ lọ."

Ọdẹ́jìnmí ní ó dára. Ohun tí ó fi dúró fún erin kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, àgbàlagbà kò sì ní ẹnu méjì.

Àlejò wá dé. Ẹ gbà mí o! Olóyè Gbádégẹṣin ni, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Ìbíyẹmí, láti ìlú ńlá kan létí òkun. Àwọn obìnrin Ìdí-Àràbà ti fi ọjọ́ gbogbo se èkuru, wọ́n ti ro ọbẹ̀ ata, wọ́n ti fọ àwo. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ wá jẹun." Olóyè kò tilẹ̀ wo ojú ìkòkò. Ó ní, "Mo ti gbé tèmi wá."

Lóòótọ́ ni. Ó gbé búrẹ́dì wá, ó gbé ẹja inú agolo wá, ó gbé omi inú ike wá, ó gbé àga tí yóò jókòó lé wá. Ó gbé igi ìdáná wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, igi ìdáná ni mo wí! Ó ru igi wá sínú igbó! Àwọn obìnrin gbé ìkòkò wọn padà sílé. Ọdẹ́kúnmi rọra lọ sí ìdí àràbà, ó gbójú sókè wo ìbọn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí Ọdẹ́jìnmí.

"Ẹ̀yin Olóyè," Ọdẹ́jìnmí ní, "ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ wọlé olóúnjẹ, ó ń sọ pé onílé kò ní ìkòkò ni."

"Bàbá ọdẹ, inú mi ni kì í gba oúnjẹ ibi gbogbo. Ẹ ṣáà mú wa dé ọ̀dọ̀ erin."

Ọdẹ́jìnmí mí kanlẹ̀. Ti àkọ́kọ́ nìyẹn, mi ò sì ní í máa kà á fún yín mọ́, nítorí a ó sùn síbí.

Wọ́n wọ Igbó Mádàáwọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé bodè Ajẹrù. Iwin ni Ajẹrù, ẹnu rẹ̀ kò sí lójú, inú ikùn ni ó wà, eyín rẹ̀ sì tò yí ìdodo ká. Gbogbo àlejò tí ó bá fẹ́ kọjá, àlọ́ ni ó ń pa fún un, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó mú un wá ni yóò já a fún un.

Ajẹrù ní, "Kí ni àlejò ń gbé wọ ìlú onílùú tí kì í wúwo, tí kì í tán bí ó ti wù kí ó pín in tó, tí ó sì jẹ́ pé bí ó bá gbàgbé rẹ̀ sílé, kò ní í rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀?"

Gbádégẹṣin kò ronú rárá. "Owó ni."

"Ṣé owó kì í tán lọ́wọ́ tìrẹ ni? O ò gbọ́ ìbéèrè."

Ìbíyẹmí ní, "Ṣé sùúrù ni?"

"Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun."

Olóyè wá wo ẹrù rẹ̀ yíká, ó ní, "Igi ìdáná ni?"

Ọdẹ́jìnmí fi ìka sẹ́nu, ó gé e jẹ. Ajẹrù rẹ́rìn-ín títí ìdodo rẹ̀ fi mì. Ó ní, "Ẹ máa lọ, ẹ ó bá a pàdé níwájú. Ṣùgbọ́n ẹrù kì í kọjá bodè mi." Ó bá kó gbogbo rẹ̀ jẹ. Ó jẹ búrẹ́dì, ó jẹ ẹja tòun ti agolo, ó jẹ àga, ó sì fi igi ìdáná tayín. Ìgbà tí ó dé orí ike omi àti ọ̀rá tí wọ́n fi di oúnjẹ, ó tu gbogbo rẹ̀ dànù.

"Èyí kò ṣeé jẹ," ó ní. "Ilẹ̀ ò jẹ ẹ́, ikán ò jẹ ẹ́, èmi tí mo jẹ àga náà ò lè jẹ ẹ́. Ẹni tó gbé e wá ni yóò gbé e padà sílé." Ó sín àwọn ike náà bí ìlẹ̀kẹ̀, ó fi wọ Olóyè lọ́rùn. Bí Olóyè bá gbẹ́sẹ̀, wọn a dún kàlákàlá. Bí ó bá dúró, wọn a ṣì dún díẹ̀.

Ẹ wo ọkùnrin tí ó bá iwin jìjàkadì, tí ó wá ń rìn nínú igbó àwọn baba rẹ̀ níwájú oníkàlákàlá. Ojú ti Ọdẹ́jìnmí débi pé ìgbà tí ọ̀bọ kan yọ orí láti wò wọ́n, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Nígbà tí ebi ti ń pa wọ́n dáadáa, wọ́n dé ìlú Kímikóorími. Ìlú yìí kò ní odi, kò ní oníbodè, nítorí pé kò nílò rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ wà lójú títì, wọ́n wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kí wọn kò ní í rí wọn. Kì í ṣe ìkíni kan ṣáá o. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni a ó fi kí i. Ọdẹ́jìnmí ń kí bí ó ti ń wọlé. "Àrọyè o," alágbẹ̀dẹ bá yọ nídìí ewìrì. "Àrẹ̀dú o," aláró bá yọ tòun ti ìkòkò aró. Gbogbo ìlú ń dá a lóhùn, wọ́n ń béèrè ará ilé.

Olóyè ní tirẹ̀, ìsọ̀ òfìfo ni ó ń rí. "Bàbá ọdẹ, ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀? Níbo ni àwọn ará ìlú wà?"

"Wọ́n wà níwájú yín. Ẹ kí wọn."

"Èmi? Èmi Olóyè ni n ó kọ́kọ́ kí wọn? Kí wọ́n kí mi."

"Àlejò ló ń wọlé, onílé kì í wọlé."

"Mo ní kí wọ́n kí mi!"

Ó bá dúró láàárín ọjà, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń retí ìkíni. Ọdẹ́jìnmí jókòó sórí òkúta, ó fi ọwọ́ lérán. Bí wọ́n bá ní kí ó tún bá iwin olórí mẹ́ta jà lọ́jọ́ náà, ì bá dìde pẹ̀lú ayọ̀.

Ìbíyẹmí ni òórùn àkàrà kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ tí epo ń hó, kò rí agbada. Ó rántí ìyá rẹ̀ àgbà tí ó ti tajà rí, ó rántí bí wọ́n ti í kí i. Ó rọra ní, "Ẹ kú ọjà o. Ajé á wọ igbá o."

"Àṣẹ o, ìyá mi! Ẹ kú ìrìn!" Obìnrin alákàrà bá yọ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán fún ooru iná, ó sì ti ń bu àkàrà sínú ewé. Ìbíyẹmí rà, ó jẹ, ó fi omijé jẹ ẹ́. Láti ibẹ̀ ó kọjá sọ́dọ̀ onídìrí, ó ní, "Ojúgbooro o." Kí á tó wí kí á tó fọ̀, ó ti jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń dì í ní ṣùkú, wọ́n ń sọ fún un ibi tí ọ̀nà dára àti ibi tí erin ń bímọ sí tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ó ti mọ ìlú náà ju ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ.

"Àlọ́ Ajẹrù!" ó kígbe. "Ìkíni ni! Ọkọ mi, ẹ kí wọn, ẹ jọ̀ọ́, àkàrà yìí dùn!"

Ebi ti wá mú Olóyè. Ṣùgbọ́n ṣé yóò kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ èèyàn? Rárá. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko, ó ní, "Gbogbo yín, ẹ kú o!"

Ìkíni àbọ̀, ìlú àbọ̀ ni ó rí. Ẹsẹ̀ nìkan ni ó yọ sí i, ẹsẹ̀ lọ súà lójú ọjà, láìsí orúnkún. Ó tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ohùn kan pariwo lókè. Ó ń bẹ ẹsẹ̀ yìí, ó ń tẹ ìyẹn. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Èwo nínú wa lo kí?" Ìyàwó rẹ̀ ni ó gbé àkàrà díẹ̀ fún un kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Nígbà mìíràn, n ó tọ́jú tèmi dáadáa."

Mo ti sọ pé mi ò ní í ka ìmíkanlẹ̀ mọ́.

Wọ́n dé odò Elétí-Abẹ̀bẹ̀. Òkúta funfun kan wà létí rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí fi ọ̀pá kàn án, ó ní, "Ibí ni ẹsẹ̀ ń dúró sí, ojú nìkan ni ó ń kọjá. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan erin. Ẹnikẹ́ni kì í mú nǹkan erin kúrò. Ṣé ẹ gbọ́, Olóyè?"

"Mo gbọ́, mo gbọ́. Ẹ ti sọ̀rọ̀ jù."

Elétí-Abẹ̀bẹ̀ jáde wá láàárín igi, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, omi odò sì gbọ̀n. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń kì í:

"Ìyá tí ń fẹ́ra rẹ̀ láìyá abẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni,
A-rìn-má-kánjú tí ilẹ̀ ń kánjú fún,
O wẹ̀ tán, odò ń wá ara rẹ̀.
Ọwọ́ mi rèé, kò sí ìbọn ńbẹ̀."

"Mo rí i," ni erin wí. "Ọdẹ́jìnmí, àwọn ọmọ mi ti ń sùn ní ìsinmi láti ìgbà tí ẹ ti gbé irin yẹn kọ́. Ṣé àwọn àlejò tí o ṣèlérí nìyí?"

"Àwọn nìyí," Ọdẹ́jìnmí ní, ó sì ń fi ojú wá ilẹ̀ tí yóò wò.

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ lẹ́yìn òkúta, ó kàn ń wò. Inú Ọdẹ́jìnmí dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé. Nígbà tí ó ń dùn lọ́wọ́ ni Elétí-Abẹ̀bẹ̀ ju ìrù fìràn. Ó ní, "Eṣinṣin ọdún yìí mà le o," ó sì padà sínú igbó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí bojú wẹ̀yìn. Olóyè ń ti inú koríko bọ̀, ó ń tún fìlà dé. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ ike lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

"Àwọn ike dà?"

"Ó ń họ mí lọ́rùn, mo sọ ọ́ sínú igbó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí àgbà ọdẹ. Ó wọ inú koríko, ó wá àwọn ike náà, ó kó wọn jọ, ó fi wọ́n kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ìbínú ike yìí ni kò jẹ́ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó mú ọkùnrin náà bọ́ ohun tí ń dún kúrò lọ́rùn. Bí eṣinṣin bá ń yọ èèyàn lẹ́nu, kì í rí ejò.

Wọ́n ń padà bọ̀, Olóyè ń ráhùn. "Erin náà kò pẹ́ lójú mi. Fìrí ni mo rí nǹkan."

"Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin!" Ọdẹ́jìnmí jágbe mọ́ ọn, àwọn ike ọrùn rẹ̀ sì dún kàlákàlá.

Gbogbo Ìdí-Àràbà ti pé sídìí igi àràbà nígbà tí wọ́n dé. Oòrùn ti ń rọ̀ lápá ìwọ̀. Àwọn obìnrin gbé ìkòkò wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, bóyá lọ́tẹ̀ yìí àlejò á jẹun. Ọdẹ́kúnmi jáde síwájú. "Ẹ káàbọ̀. Kí ni ẹ mú bọ̀ fún wa?"

Olóyè Gbádégẹṣin ṣí fìlà. Ó yọ irun dúdú kan tí ó nípọn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i. "Ẹ wò ó! Láti ìrù erin ni! Ọwọ́ ara mi ni mo fi mú un. Òrùka ni n ó fi ṣe nílé."

Gbogbo ojú yí sí irun náà.

"Ìrù ti wọ̀lú," Ọdẹ́kúnmi ní. Kí Ọdẹ́jìnmí tó lanu, ó ti gun àràbà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, àwọn yòókù sì ń ti ara wọn nídìí igi láti gun ún.

Ọdẹ́jìnmí wo irun náà. Ó rántí eṣinṣin, ó rántí koríko, ó rántí pé òun ni òun wí fún ìyá erin pé àwọn àlejò nìyí. Ìtìjú bò ó. Inú bí i, ó bí i, títí ìbínú náà fi dé ibi tí ó ń tutù bí omi àmù.

"Ẹ dúró," ó ní. "Òfin ni ẹ fẹ́? Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni a ó tẹ̀ lé. Olóyè, ìrù ta ni yìí?"

"Tèmi ni. Ṣé mo jí i ni?"

"Tiyín ni. Ẹ kú oríire. Ẹni tí ìrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó pa erin. Òun náà ni yóò bọ́ ìlú kí oòrùn tó wọ̀. Ọdẹ́kúnmi, ṣé irọ́ ni mo pa?"

Ọdẹ́kúnmi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí."

"Ẹran dà, Olóyè?"

"Ẹran wo? Mi ò pa nǹkan kan! Erin wà láàyè, irun kan péré ni mo fà tu!"

Ìbíyẹmí ní, "Òótọ́ ni. Èmi náà rí i tí ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń rìn."

"Òfin kò béèrè bóyá ó kú," Ọdẹ́jìnmí ní. "Ìrù ni òfin mọ̀. Ìrù kì í wọ̀lú kí ìlú má jẹun. Olóyè, ṣebí ẹ máa ń gbé tiyín wá? Ẹ gbé e kalẹ̀ kí á jẹ."

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn. Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Búrẹ́dì ti wọ ìdodo Ajẹrù, ilé rẹ̀ wà létí òkun, oòrùn kò sì dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni pé òun ni ẹran náà.

Ìbíyẹmí ni ó dìde. Ó lọ bá àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀ níwájú ìkòkò. "Ẹ kú ìdáná o. Ẹ kú ọjà o. Ẹ dákun, gbogbo ohun tí ẹ sè, ẹ tà á fún wa. Iṣu tí ó wà nínú àká, ẹ tà á. Ẹmu, ẹja odò, ohun tí ó bá wà." Ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì tú àpò láìjiyàn. Iná bá sọ ní gbogbo àgbàlá. Èkuru tí àlejò kọ̀ ní àárọ̀ ìlọ, àwọn obìnrin tún òmíràn sè. Àwọn àgbẹ̀ ń ru iṣu wá, ẹlẹ́mu ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, ìyá arúgbó kan sáré wọlé lọ gbé ẹní tí ó hun jáde pé ibo ni àwọn èèyàn fẹ́ jókòó sí, Ìbíyẹmí sì ra ẹní náà.

Olóyè ni wọ́n fi ṣíbí ọbẹ̀ lé lọ́wọ́. Òun ni olówó ẹran, òun ni yóò bù ú. Kò sì sí ẹni tí ó na àwo sí i láìkíni. Ó gbìyànjú "ẹ kú o" rẹ̀ ti Kímikóorími, wọ́n mú àwo kúrò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀ ń sọ ọ́ sí i létí. Ó kí àgbẹ̀, ó kí alágbẹ̀dẹ, ó kí ẹlẹ́mu, ó kí aláboyún, ó kí ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn. Ohùn rẹ̀ há. Òógùn bò ó. Bí ó ti ń kí wọn ni ó ń wò wọ́n lójú, bí ẹni pé nísinsìnyí ni wọ́n ń yọ sí i.

Ó wá kan Ọdẹ́kúnmi. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, àwo wà lọ́wọ́ kejì. Olóyè la ẹnu láti ní "àrìnpa o," bí wọ́n ti ń kí ọdẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó dákẹ́ mọ́ ọn, ó sì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó wo ìbọn, ó wo igbó. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ nǹkan kan sí i létí lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ kú ìṣọ́ o," ni Olóyè wí.

Ọdẹ́kúnmi dúró. Wọn kò kí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Òo." Ọbẹ̀ náà kún, ó gbóná, àwo kò ṣeé fi ọwọ́ kan gbé. Ó gbójú wo àràbà. Ó padà lọ síbẹ̀, ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo. Àwọn yòókù to sẹ́yìn rẹ̀.

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí ìlú ń jẹ. Ọdẹ́jìnmí jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ike lọ́rùn, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kí ó bọ́ ọ. Nígbà náà ni Elétí-Abẹ̀bẹ̀ ké láti inú igbó wá, igbe gígùn kan báyìí tí ewé àràbà fi jábọ́ sínú ọbẹ̀. Gbogbo ẹnu dúró. Ìyá arúgbó tí ó ta ẹní ni ó gbé òkèlè mì, tí ó sì nawọ́ sí apá igbó.

Ó ní, "Ẹ gbọ́, ẹran tí à ń jẹ ló ń ké yẹn."

Ibẹ̀ ni mo sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọjá lára mi láìkí mi kú ìtàn, ẹsẹ̀ mi nìkan ni yóò máa rí.